Ta ni "ó" yẹn? Ibi tí ẹ̀rọ ti ń rí irú obìnrin tó ń yà fún wa

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn méjì bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́: "Ó ń ṣiṣẹ́ dókítà." Ìkejì: "Ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì." Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọkùnrin ni dókítà yìí, tàbí pé obìnrin ni nọ́ọ̀sì yẹn. "Ó" tiwa kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Bó bá ká ẹni tó ń gbọ́ lára, á béèrè pé ọkùnrin ni àbí obìnrin, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ.

Ẹ wá gbé gbólóhùn méjèèjì fún ẹ̀rọ pé kó tú wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn, Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó mú ọ̀kan nínú "he" àti "she". Ẹ̀rọ ò sì ní bi yín léèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó máa ń jáde ni pé dókítà di ọkùnrin, nọ́ọ̀sì di obìnrin. Ẹ̀yin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló rí àlàfo nínú ọ̀rọ̀ yín, tó fi èrò tirẹ̀ dí i, tó wá dá a padà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Ẹ di "ó" yìí mú dáadáa, torí òun ni màá fi ṣàlàyé gbogbo ohun tó kù. Bí wọ́n bá ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, ń fi ojú kan ṣoṣo wo obìnrin, pàápàá obìnrin Áfíríkà àti àwọn mìíràn tí àwòrán àti ìtàn wọn kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ẹnìkan jókòó síbì kan tó ń bú obìnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àlàfo lọ̀rọ̀ yìí ń gbé.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Porto Alegre, lórílẹ̀-èdè Brazil, fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dán Google Translate wò. Èdè 12 tí kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin bí tiwa ni wọ́n lò. Yorùbá wà níbẹ̀, Swahili náà wà níbẹ̀, àti Turkish, Hungarian, Japanese. Wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ oríṣiríṣi sínú gbólóhùn náà, wọ́n wá ka iye ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi jáde ní ọkùnrin. Ọkùnrin ló pọ̀ jù, ó sì pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ tó bá di iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ. Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí bí ayé ṣe rí nìyẹn?" Wọ́n ti ronú kan ìyẹn náà. Wọ́n gbé èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà nípa iye obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ náà tẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin ju bí ayé gan-an ṣe tẹ̀ lọ. Ní December ọdún yẹn kan náà, Google bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìtumọ̀ méjèèjì jáde, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, fún gbólóhùn Turkish tí wọ́n bá ń tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ gbà pé òun ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe akọ tàbí abo lèdè wa kọ́kọ́ máa ń wò. Ó fẹ́ mọ ta ló ṣàgbà. Bí mo bá sọ pé màmá mi "ti jẹun, wọ́n sì ti sùn," ẹ̀rọ lè sọ màmá kan ṣoṣo di èrò ọ̀pọ̀ tó jẹun tó sì sùn. Ti ìyàwó ilé tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí wọ́n gbé wọlé máa ń pe ọmọ ilé ní ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ìbáà jẹ́ obìnrin. Ó lè fi ayọ̀ sọ pé, "Ọkọ mi kékeré ti bímọ!" Gbogbo ilé mọ̀ pé àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ló ń wí. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ máa fi ìyẹn ṣe. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn, tó fi jẹ́ pé "ìyá" àti "ìyà" di ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ tó ń kà wá. Ẹ fi ti ìyá àti ìyà yìí pamọ́, a ó padà dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń tú èdè, àlàfo kan ṣoṣo ló ní láti dí. Ẹ̀rọ ayàwòrán ló wá ni iṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ "ẹnjiníà" fún un, kò lè ya ẹnjiníà tí kò ní ojú. Ó gbọ́dọ̀ pinnu àwọ̀ ara, ọjọ́ orí, irun, aṣọ, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan lẹ sọ. Ogún ni ẹ̀rọ sọ.

Báwo ló ṣe ń pinnu? Wọ́n á mú àwòrán gidi kan, wọ́n á máa bu eruku lé e díẹ̀díẹ̀ títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá kọ́ ẹ̀rọ láti nu eruku náà kúrò, ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe àwòrán náà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń nù ún. Nígbà tó bá ti ṣe èyí fún àìmọye àwòrán, ẹ̀yin á dé, ẹ ó ní kó yàwòrán. Ohun tí wọ́n á gbé fún un lọ́jọ́ náà ni eruku lásán, eruku tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní: "Ẹnjiníà kan wà lábẹ́ ibí yìí, nù ún kí a rí i." Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí nù ún. Kò sẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n á rí ẹnìkan, torí ó ti mọ irú ẹni tó máa ń wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀: ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ló ti há sórí, òun ló sì ń fi sọ ìtàn.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹ̀rọ ni pé, àwòrán ta lo wò dàgbà? Ọ̀kan nínú àkójọ tó tóbi jù, LAION-5B, tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń jẹ́ Stable Diffusion, ní àwòrán tó tó bílíọ̀nù 5.85. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹni tó gbé wọn síbẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó lé ní bílíọ̀nù 2 nínú wọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá rò ó: ta ló máa ń ya obìnrin abúlé ní Áfíríkà, tó sì máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn sábẹ́ rẹ̀? Arìnrìn-àjò ni, ilé-iṣẹ́ aṣàánú tó ń wá owó ni, àti àwọn tó ń ta fótò. Lára irú fótò bẹ́ẹ̀, obìnrin ń ru omi, obìnrin pọn ọmọ, obìnrin ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ìyà ń jẹ. Àwa fúnra wa náà ń ya fótò, ó kàn jẹ́ pé bí a bá ya aṣọ ẹbí ogójì ènìyàn lóde ọjọ́ ìbí, ohun tí a máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "+1, Ọlọ́run ṣeun." Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi ìyẹn kọ́?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹ̀rọ yìí dé oko ẹlòmíràn, ojú ọ̀nà ló kàn dúró sí tó ń yọjú wò.

Èyí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kó tó di pé ẹ̀rọ ń ya àwòrán, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú àwòrán lọ. ImageNet ni àkójọ tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán ibẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. China àti India, tí ènìyàn wọn lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ayé, kó ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún wá. Ní 2018, James Zou àti Londa Schiebinger kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ báyìí rí fótò ìyàwó tuntun tó wọ aṣọ funfun, ó ní ìyàwó ni, ìgbéyàwó ni. Wọ́n gbé ìyàwó láti àríwá India síwájú rẹ̀. Ó ní aṣọ eré ni, pé àwọn òṣèré ló ń ṣeré. Ọjọ́ tó ga jù nínú ayé ọmọbìnrin náà! Ẹ fi aṣọ òkè, gèlè àti iyùn ọrùn ìyàwó tiwa sí ibẹ̀, kí ẹ máa fojú inú wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí. Ẹnjiníà ni wọ́n, afárá àti ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ wọn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹ́ àwòrán tí wọ́n máa fi sára ìwé ìpolówó. Wọ́n ní kí n bá wọn fi ẹ̀rọ yà á. Mo tẹ "ẹnjiníà" ní Gẹ̀ẹ́sì: òyìnbó ọkùnrin mẹ́rin, akoto lórí gbogbo wọn. Mo fi "obìnrin" kún un: òyìnbó obìnrin, ó kun ètè, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, kò wo iṣẹ́ kankan. Mo wá fi "Yorùbá" kún un. Ìgbà yìí ni aláwọ̀ dúdú jáde. Àmì ẹfun funfun tó-tò-tó wà lójú rẹ̀, owó ẹyọ wà lọ́rùn rẹ̀, ahéré wà lẹ́yìn rẹ̀. Akoto ti lọ. Afárá ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wo fóònù náà títí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn gan-an. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ti rí, "Yorùbá" àti "ẹnjiníà" kò tíì jókòó pọ̀ rí tàbí kí wọ́n má jókòó pọ̀ tó. Nígbà tí a fi dandan kó wọn jọ, èyí tó lágbára jù lé ìkejì jáde. Kò sì sí ohun tó burú nínú ẹfun àti owó ẹyọ, ẹ má ṣì mí gbọ́. Obìnrin tó ń ru omi wà. Ìyá alákàrà wà, mo sì jẹ àkàrà wọn láàárọ̀ yìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ̀rọ ní fún ìbéèrè tó ní ẹgbẹ̀rún ìdáhùn.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rọ kì í dúró níbi tí ayé dúró sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin méje wà nínú adájọ́ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa fojú bù ú fún adájọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ò sì fẹ́ kùnà púpọ̀, "ọkùnrin" lẹ máa máa sọ nígbà gbogbo. Ẹ ó gba méje nínú mẹ́wàá, ẹ ó sì ti pa obìnrin mẹ́ta rẹ́. Ẹ̀rọ náà fẹ́ràn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg ní kí Stable Diffusion ya àwòrán tó lé ní 5,000. Nínú àwọn adájọ́ tó yà, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ìdá 34 ni obìnrin nínú àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ní kó ya òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ kíákíá, àwọ̀ dúdú ló máa ń lò jù, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, Folake Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, ti gba SAN, oyè àwọn àgbà agbẹjọ́rò, láti 1981. Aloma Mukhtar di adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 2012, Kudirat Kekere-Ekun sì dé orí àga náà ní 2024. Ẹ̀rọ lè mọ orúkọ wọn bí ẹ bá béèrè. Bí ẹ bá ní kó ya adájọ́ lásán, kò ní rántí wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ìyà yìí pọ̀ jù lórí rẹ̀. Àlàfo méjì ló pàdé lára rẹ̀, ti obìnrin àti ti àwọ̀. Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, rí i pé kọ̀ǹpútà kan ní MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, kò rí ojú òun àyàfi tí òun bá fi ìbòjú funfun bojú. Ní 2018, òun àti Timnit Gebru gbé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹ̀ wò, àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú tó ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ojú àwọn aṣòfin 1,270 ni wọ́n fi dán wọn wò, láti Rwanda, Senegal, South Africa, Iceland, Finland àti Sweden. Lápapọ̀, ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú. Ẹni tó bá wo máàkì àpapọ̀ nìkan á pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n pín ènìyàn sọ́nà mẹ́rin ni àṣírí tú. Fún ọkùnrin aláwọ̀ fífúyẹ́, àṣìṣe kò kọjá ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó dé ìdá 34.7. Obìnrin mẹ́ta, wọ́n pe ọ̀kan ní ọkùnrin.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. UNESCO gbé ìwádìí jáde ní March 2024 nípa àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀, Llama 2 àti GPT-3.5 wà nínú wọn. Nínú ìtàn tí ọ̀kan nínú wọn kọ, iṣẹ́ inú ilé ni wọ́n fún obìnrin ní ìlọ́po mẹ́rin ti ọkùnrin. "Ilé," "ẹbí" àti "ọmọ" ló ń tẹ̀lé orúkọ obìnrin. "Òwò," "owó oṣù" àti "ọ̀gá" ló ń tẹ̀lé ti ọkùnrin. Èyí tó gbàfiyèsí mi ni ìgbà tí wọ́n fi orílẹ̀ kún un. Nínú nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìtàn tó kọ nípa obìnrin Zulu, ẹ̀yà kan ní South Africa, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, alásè ni, olùtọ́jú ilé ni. Obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò bọ́: aṣẹ́wó, afaṣọṣoge àti agbáwo-oúnjẹ ló pọ̀ nínú tirẹ̀. Ẹ ò rí i? Obìnrin méjèèjì ló wọ ẹ̀wù tí kì í ṣe tiwọn, ẹ̀wù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kàn rán fún wọn.

Mo ní a ó padà sórí ìyá àti ìyà. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan láti Oxford àti Antwerp ní kí ẹ̀rọ ayàwòrán Midjourney ya dókítà aláwọ̀ dúdú, ọmọ Áfíríkà, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí ìyà ń jẹ. Ó lé ní 300 ìgbà tí wọ́n gbìyànjú. Ó lè ya dókítà dúdú. Ó lè ya ọmọ funfun tí ìyà ń jẹ. Kó kó méjèèjì sójú kan ló di ìṣòro: ọmọ tó ń jìyà á ṣáà di dúdú ni, nígbà mìíràn dókítà fúnra rẹ̀ á di òyìnbó. Wọ́n tilẹ̀ rí àgùnfọn àti erin nínú àwọn kan. Bí ìyá àti ìyà ṣe di ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ tó ń kà wá, bẹ́ẹ̀ ni ìyà ti lẹ̀ mọ́ ara dúdú nínú orí ẹ̀rọ náà, ó sì ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣí i kúrò.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò sùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni mo fi wé kí ilé máa jò kí a máa kun ọ̀dà. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ OpenAI ní àwọn ti mú kí DALL-E 2, ẹ̀rọ ayàwòrán wọn, máa ya oríṣiríṣi ènìyàn. Àwọn tó ń lò ó fura, wọ́n ní kó ya ẹni tó gbé pátákó dání, wọn ò parí gbólóhùn náà. Ọ̀rọ̀ bí "dúdú" àti "obìnrin" bá yọ lára pátákó nínú àwòrán mìíràn. Ẹ̀rọ náà ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn wọn! Ní February 2024, ti Gemini, ẹ̀rọ Google, tún wá ṣe jù: wọ́n ní kó ya ọmọ ogun Jámánì ayé Hitler, ó ya aláwọ̀ dúdú sínú aṣọ ogun náà. Google dá yíyàwòrán ènìyàn dúró fúngbà díẹ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àpẹẹrẹ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe nìyẹn. Èmi ò gbà. Ẹ̀rọ tó ya akọ òyìnbó fún gbogbo adájọ́ àti ẹ̀rọ tó ya ènìyàn dúdú sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Hitler, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n: kò sí èyí tó mọ ìtàn ènìyàn tó ń yà.

Ní tèmi, ibi tí àtúnṣe ti lè wá ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Wikipedia ti Yorùbá ní àkọlé tó lé ní 30,000. Ti Gẹ̀ẹ́sì lé ní mílíọ̀nù 6. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ Masakhane ti ń kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ fún ẹ̀rọ láti ọdún mélòó kan. Kò dára tó kí a máa dúró de wọn nìkan. Tí ẹ bá sì fẹ́ lo ẹ̀rọ lónìí, ẹ má fi àlàfo sílẹ̀: ẹ sọ aṣọ, ẹ sọ ibi iṣẹ́, ẹ sọ ìlú, ẹ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà nìkan ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn ahéré.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀, a sì rí àwòrán tó ṣeé wò níkẹyìn, àfi pé ìka mẹ́fà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n pe ayàfótò kan, ó bá wọn dé ibi iṣẹ́, ó yà wọ́n nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ júwe nǹkan fún àwọn bíríkìlà, akoto lórí, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kí a tó gbé fótò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ nǹkan tó nítumọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀rọ ọjọ́ mìíràn lè rí nǹkan gidi kà. Wọ́n gba fóònù, wọ́n kọ ọ́: "Ẹnjiníà, ọmọ Yorùbá, níbi afárá tuntun, Ìbàdàn." Mo ní wọn ò fi "obìnrin" sí i.

Wọ́n wò mí. "Ṣé wọn ò ríran ni?"